Ajá Terrier Kékeré Nínú Ilé Tó Ní Ọmọdé: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni mò ń rí gbà ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́, ajá kékeré wo ló dáa fún ilé tó ní ọmọ, tí kò ní gba àyè, tí kò sì ní jẹun púpọ̀?" Kò ní pẹ́ tí fọ́tò Jack Russell tàbí Yorkie á fi tẹ̀lé e, wọ́n á ní ṣé kí àwọn rà á. Èsì mi kì í yí padà. Kí ẹ tó wo ojú ajá, ẹ kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tí ìran rẹ̀ ń ṣe. Iṣẹ́ terrier ni kó lé eku, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ẹranko tó ń gbé inú ihò, kó walẹ̀ tẹ̀ lé wọn, kó sì máa gbó títí ọdẹ á fi dé. Torí kó lè ráyè wọ ihò ni ara rẹ̀ ṣe kéré. Agbára àti agídí inú rẹ̀ kò kéré rárá, òun sì lẹ máa bá gbélé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ibi tí ọ̀rọ̀ yín bá ti yàtọ̀, mo ti sọ ọ́ níbẹ̀.

## Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ jókòó pẹ̀lú gbogbo ará ilé, kí ẹ dáhùn àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Terrier tí wọ́n tì mọ́lé láti ìdájí, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sì jẹ́ kí ẹni tó ni ín dé títí aago mẹ́jọ alẹ́, á wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn, bàtà àti àga ni iṣẹ́ náà sábà máa ń kàn.
- Ọmọ ọdún mélòó ni àbíkẹ́yìn yín? Tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ìrù kì í ṣe ohun fífà àti ajá tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ibùgbé kan náà kò tíì yẹ wọ́n.
- Ṣé onílé gbà? Àwọn ayálégbé yòókù ńkọ́? Terrier ń gbó. Ẹ kọ́ ọ dáadáa, á dín in kù, àmọ́ kò ní fi í sílẹ̀.
- Ṣé adìẹ, ehoro tàbí ológbò wà nínú ọgbà? Bí wọ́n bá wà, ẹ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa eku nísàlẹ̀ kí ẹ tó pinnu.
- Ṣé owó rẹ̀ á máa wà lọ́dọọdún? Terrier kékeré tó bá rí ìtọ́jú máa ń lo ọdún 12 sí 15, òmíràn á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yín tó wà ní JSS 1 lónìí lè ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí ajá náà tó kú.

## Èwo ni kí ẹ mú?

Jack Russell. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 5 sí 6. Òun ló gbọ́n jù nínú àwọn tí ẹ máa rí rà nílé, òun náà ló sì ń dààmú èèyàn jù. Ó ń fẹ́ eré ìdárayá tó tó wákàtí kan lóòjọ́, ó kéré tán, àti ohun tí á máa fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe. Ilé tó ní àgbàlá, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti tó ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tí wọn kì í sì í pariwo tí ajá bá sáré sí wọn, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Inú fúláàtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò sẹ́ni tó máa mú un jáde? Ẹ má dán an wò. Àwọn tí irun wọn kúrú máa ń já irun sílẹ̀ gan-an, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ yẹ etí àwọn tó funfun láti orí délẹ̀ wò dáadáa, torí àwọn kan nínú wọn kì í gbọ́ràn.

Yorkshire Terrier, ìyẹn Yorkie. Kílò mẹ́ta ni tàbí kó dín díẹ̀. Irun rẹ̀ ń gùn bí ti èèyàn ni, nítorí náà ó ń fẹ́ ìyàrun lójoojúmọ́ tàbí kí ẹ máa gé e mọ́lẹ̀ déédéé. Eyín rẹ̀ tètè máa ń bàjẹ́. Ọ̀nà èémí ọrùn rẹ̀ kò lágbára, ẹ má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Hánẹ̀ẹ̀sì tó yí àyà àti èjìká ká ni kí ẹ lò. Bí ọmọdé bá gbé e tó sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dá. Torí èyí ni mi ò fi í sọ pé kí ilé tó ní ọmọ kéékèèké mú Yorkie, bó ti wù kí ojú rẹ̀ wuni tó. Ilé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́wàá, àyè kékeré, ó dáa níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní Yorkie òun jẹ́ "teacup". Ajá tí wọ́n fi tipátipá mú kéré lásán ni, ara rẹ̀ kì í le. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì tí kò bá jẹun fún wákàtí díẹ̀, á sì dákú. Owó rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, ọjọ́ ayé rẹ̀ ló sì sábà máa ń kúrú jù.

Border, Cairn, Norfolk àti Norwich. Terrier kéékèèké ni gbogbo wọn, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba lẹ lè rí wọn. Ká ní Manchester ni mò ń gbé, tí mo sì ní ọmọ méjì tó ń lọ sí primary, Border ni mo máa kọ́kọ́ wá: ara rẹ̀ le, ó fara balẹ̀ ju Jack Russell lọ, ó sì lè rìn jìnnà pẹ̀lú ẹbí lópin ọ̀sẹ̀.

West Highland White, terrier mìíràn tó funfun. Ó dáa lójú, ó láyọ̀, àmọ́ awọ ara rẹ̀ máa ń yún un. Nínú ooru wa, ìyẹn á le sí i.

Àwọn òǹtajà kan ń pe gbogbo ajá onírun gígùn ní terrier. Lhasa Apso kì í ṣe terrier, Maltese náà kì í ṣe é. Wọ́n lè dára fún yín, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀, iye owó náà sì yẹ kó yàtọ̀.

Bí ajá mìíràn bá ti wà nílé, ẹ mú èyí tí kì í ṣe akọ-kan-náà tàbí abo-kan-náà pẹ̀lú rẹ̀. Akọ terrier méjì tàbí abo méjì lábẹ́ òrùlé kan, ìjà lè máà tán níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Àkọ́kọ́, ẹ mú àgbàlagbà ajá tó ti tó ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta: ẹ ti mọ ìwà rẹ̀, kò ní máa tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè mú àwọn ọmọ lọ wò ó kí ẹ tó gbà á. Èkejì, àdàlù terrier àti ajá ìbílẹ̀ wa. Ó sábà máa ń fara da ooru ju èyí tó wá láti òkè òkun lọ, owó rẹ̀ kì í pọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa jí i gbé torí pé ó jẹ́ "fọ́rẹ̀ẹ̀nì".

## Bí ẹ ṣe máa rà á

1. Ẹ lọ síbi tí wọ́n bí i sí. Ẹ má ra ajá lórí fọ́tò WhatsApp. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó waybill kí ẹ tó fojú kan ajá, ẹ bá ọ̀nà yín lọ.
2. Ẹ rí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe fídíò rẹ̀ o. Bí ìyá bá ń gbọ̀n tó bá rí àlejò, tàbí tó ń fẹ́ bu èèyàn jẹ, ẹ má retí pé ti ọmọ á yàtọ̀.
3. Ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kéré jù. Àwọn kan ń ta ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún torí pé ó wuni nígbà náà. Èyí tó tètè kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti ẹ̀gbọ́n àtàbúrò kì í mọ ìwọ̀n tó yẹ kó fi eyín mú nǹkan, ọwọ́ àwọn ọmọ yín ló sì máa fi kọ́ ọ.
4. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò:
   - Ojú àti imú mọ́, kò sí ìpin tàbí ikun.
   - Èrìgì rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá funfun, aràn tàbí eégbọn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
   - Ikùn rẹ̀ kò wú gbandi nígbà tí ara yòókù gbẹ.
   - Abẹ́ ìrù mọ́, kò sí àmì ìgbẹ́ gbuuru.
   - Bó bá ń rìn, kì í gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè bí ẹni ń fò. Ìyẹn lè jẹ́ pé egungun orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀.
   - Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín. Ó yẹ kó yíjú.
5. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́. Ó yẹ kí sítíkà tí wọ́n yọ lára ìgò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé dókítà ẹranko. Káàdì tí wọ́n fi bírò kọ látòkè délẹ̀ láìsí sítíkà, ìwé lásán ni.
6. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì kí dókítà ẹranko tí ẹ̀yin fúnra yín yàn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí àìsàn, ẹ dá ajá padà, ẹ gba owó yín.

Ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin kò fàyè gba alágbàtà láti ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà; lọ́wọ́ ẹni tó bí i gan-an tàbí ibùdó tó ń gba ajá tí kò nílé ni kí ẹ ti gbà á. Ó sì gbọ́dọ̀ ti ní microchip lára, ìyẹn ohun kékeré abẹ́ awọ tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú, kó tó di tiyín. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò DNA fún àìsàn kan tó ń mú kí awò inú ẹyinjú terrier yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ìran ni wọ́n fi ń jogún rẹ̀, ó sì lè fọ́ ajá lójú. Kí ẹ tó ra ọmọ ajá rárá, ẹ kàn sí Dogs Trust, RSPCA tàbí Battersea, àwọn àjọ tó ń gba ajá tí kò nílé. Terrier àgbàlagbà máa ń wà níbẹ̀.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

1. Ẹ tún fẹ́ǹsì ṣe kó tó dé. Ihò tí ìkúùkù yín bá lè wọ̀, orí Yorkie lè gbà á kọjá. Ẹ wo abẹ́ géètì ní pàtàkì. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ ri búlọ́ọ̀kù tàbí wáyà mọ́ ilẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, torí abẹ́ ni terrier ń gbà jáde, kì í ṣe òkè nìkan.
2. Ẹ wá ibùsùn fún un. Igun kan nínú ilé, tàbí kéèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí èéfín àti ariwo.
3. Ẹ máa fún un ní oúnjẹ tó ń jẹ níbi tó ti wá. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, láàárín ọjọ́ méje. Ọmọ Yorkie gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ sì tutù, ẹ fi oyin ra èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà.
4. Ẹ kọ́ ọ níbi tí á máa yàgbẹ́. Bó bá ti jí, bó bá ti jẹun tán, bó bá ti ṣeré tán, àti ní wákàtí méjì méjì láàárín, ẹ gbé e lọ síbì kan náà. Bó bá ti ṣe é, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi imú rẹ̀ ra ìtọ̀. Ohun tí ìyẹn ń kọ́ ọ kò ju pé kó máa lọ tọ̀ sẹ́yìn àga tí ẹ kò ti ní rí i.
5. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lójú títì kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó pé. Àrùn parvo, tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì kó sì máa ṣu ẹ̀jẹ̀, ń gbé inú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àmọ́ ẹ má tì í mọ́lé o. Ẹ gbé e lápá, kó gbọ́ ariwo ọ̀kadà, kó gbọ́ ìpè àdúrà mọ́sálásí, kó gbọ́ ìlù ṣọ́ọ̀ṣì, kó rí arúgbó àti ẹni tó wọ agbádá. Ohun tí kò bá mọ̀ kó tó pé oṣù mẹ́rin ló máa ń bà á lẹ́rù lẹ́yìn ọ̀la.
6. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn ká fi orúkọ ajá pòwe sí aládùúgbò. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gé e kúrú. Tí ẹ bá fẹ́ pè é kó má bàa bọ́ sójú títì, orúkọ tó gùn dé ìlà kejì kò ní ràn yín lọ́wọ́.

## Ajá àti àwọn ọmọ

Ìjọ̀gbọ̀n tó bá bẹ́ sílẹ̀ níbí ló máa ń jẹ́ kí wọ́n dá ajá padà. Kí ajá tó dé ni kí àwọn ọmọ ti mọ òfin:

- A kì í sún mọ́ ajá tó ń jẹun tàbí tó ń sùn.
- A kì í gbé ajá rìn. Bó bá wu ọmọ láti gbé e, kó jókòó sílẹ̀, kí ajá wá bá a.
- A kì í dì mọ́ ọn lọ́rùn, a kì í fi ojú wa kan ojú rẹ̀.
- Bí ajá bá ń lé wa tó ń gé wa ní gìgísẹ̀ jẹ, a dúró bí igi, a ká apá mọ́ àyà. Sísá ni eré náà fún un. Bí ohun tó ń lé bá dúró, eré ti tán.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà àti ajá kò gbọ́dọ̀ dá wà pọ̀, kódà fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹ fi máa lọ ro ọbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ́ bí ajá ṣe ń sọ̀rọ̀. Kó tó bu èèyàn jẹ, ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà: ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lá ètè rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ, ó yán nígbà tí oorun kò kùn ún, ara rẹ̀ le gbagidi, funfun ojú rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ló máa ń kùn. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ mú ọmọ kúrò níbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé wọ́n máa ń na ajá torí pé ó kùn. Ajá tí wọ́n nà nítorí pé ó kùn á kọ́ láti bu ni jẹ láìkùn mọ́.

Ẹ ronú nípa àlejò náà. Mọ̀lẹ́bí tó ń bẹ̀rù ajá kò ní yí padà torí pé ẹ ní "kì í bu èèyàn jẹ". Aládùúgbò Mùsùlùmí tó ti ṣe àlùwàlá kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ rẹ̀. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀ ní àkókò náà, àlàáfíà á jọba.

## Oúnjẹ

Oúnjẹ ajá inú àpò rọrùn jù. Bí owó kò bá ká a, ìrẹsì, ẹran tàbí ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, àti ẹ̀fọ́ díẹ̀ tí kò ní iyọ̀ àti ata dára, àmọ́ ẹ bi dókítà ẹranko léèrè ohun tí ẹ máa fi kún un kí egungun rẹ̀ lè le. Ẹ̀bà nìkan kì í ṣe oúnjẹ ajá. Láti bí oṣù mẹ́fà sókè, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ tí ẹ kò mọ egungun ibẹ̀ lára, ẹ dín oúnjẹ kù.

Ẹ má fún un ní:

- ọbẹ̀ tàbí ìyókù ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, torí àlùbọ́sà tó wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́;
- egungun adìẹ tí a ti sè, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó;
- ṣúkúláàtì, kọfí àti obì;
- èso gíréèpù, tútù tàbí gbígbẹ;
- súìtì tàbí ṣíńgọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n fi xylitol ṣe;
- paracetamol tàbí ibuprofen. Ọ̀pọ̀ ló ń fún ajá wọn lóògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú orí fífọ́. Ó lè pa á.

## Rírìn, wíwalẹ̀ àti ooru

Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa mú un jáde. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá méje. Bí ẹ kò bá lè mú un mọ́ra, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè mú un mọ́ra. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdúró, tí itọ́ rẹ̀ ki, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù lásán sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ti ajá mọ́ inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn, ìbáà jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ra búrẹ́dì.

Okùn gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ níta nígbà gbogbo. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; bí terrier bá ti rí ewúrẹ́ tàbí alángbá tó ń sá, bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́, ẹ̀kọ́ yòówù tí ẹ ti kọ́ ọ.

Bó bá ń walẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá a jà. Ẹ wá igun kan nínú àgbàlá tàbí táyà ńlá kan, ẹ kó iyanrìn sí i, kí ẹ máa ri ohun ìṣeré àti oúnjẹ díẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Bó bá walẹ̀ níbòmíràn, ẹ gbé e padà síbẹ̀. Nínú fúláàtì, ẹ fi oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́ sínú páálí tí ẹ kó aṣọ àgbélẹ̀ sí, kó máa fi imú wá a. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú irú iṣẹ́ báyìí máa ń rẹ̀ ẹ́ ju eré sísá lọ.

## Eku, oògùn eku àti ọ̀pọ̀lọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó gba àyè jù, síbẹ̀ òun ni wọn kì í béèrè. Terrier á pa eku. Ẹ kò kọ́ ọ, ẹ kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ewu rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta nílé wa.

Oògùn eku. Bí ẹ bá fẹ́ sin terrier, kò gbọ́dọ̀ sí oògùn eku nínú ilé, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá àwọn ayálégbé sọ ọ́. Eku tó jẹ májèlé á máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni ajá máa kọ́kọ́ mú. Irú májèlé kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ajá á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ dá fún ọjọ́ méjì sí márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní imú, nínú ìgbẹ́ tàbí lábẹ́ awọ. Dókítà ní oògùn fún un, Vitamin K1 ni, bí ẹ bá tètè dé. Òtapìápìá àti irú rẹ̀ kì í fi àsìkò ṣòfò: itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, èémí á máa le.

Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́fun. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn. Kò pa májèlé, ajá tó ń gbọ̀n sì lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ìyẹn sì pa á. Ẹ mú páálí tàbí ìgò oògùn náà dání, kí ẹ máa sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Àrùn ara eku. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé eku tí ajá pa. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ẹ dì í, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fi bílíìṣì nu ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lágbègbè Ọ̀wọ̀ mọ ohun tí ibà Lassa ń ṣe. Ìtọ̀ eku tún ní àrùn leptospirosis, tó ń mú ajá tó sì ń mú èèyàn. Ẹ rí i pé ó wà lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún un.

Ọ̀pọ̀lọ́. Lásìkò òjò, terrier á fẹ́ gé e jẹ. Oje ara ọ̀pọ̀lọ́ lóró. Bí ajá bá ń da ìfófòó lẹ́nu, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu àti èrìgì rẹ̀ léraléra, kí ẹ dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ kó má bàa gbé omi náà mì.

Láti ọjọ́ kìíní, ẹ kọ́ ọ ní "jù ú sílẹ̀":

1. Ẹ fún un ní ohun ìṣeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn.
2. Ẹ gbé ẹran kékeré sí i nímú.
3. Bó bá ti yanu, ẹ ní "jù ú sílẹ̀", ẹ fún un ní ẹran náà.
4. Ẹ dá ohun ìṣeré rẹ̀ padà fún un. Èyí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Bí gbogbo ohun tó bá jù sílẹ̀ bá ń lọ pátápátá, kò ní jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ní ti adìẹ àti ehoro, ọgbà onílẹ̀kùn ni kí wọ́n máa gbé. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo lè fi gbogbo ọkàn sọ pé ó tó.

## Irun, eyín àti eégbọn

Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ti tó, pẹ̀lú ọṣẹ ajá. Ẹ fọ eyín rẹ̀ pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọṣẹ eyín ti ajá, kì í ṣe tiyín. Èékánná tó bá ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí táìsì ti gùn jù. Ẹ má fá irun rẹ̀ dé awọ nítorí ooru, oòrùn á jó awọ náà. Kí ẹ gé e mọ́lẹ̀ ti tó.

Eégbọn ni ọ̀tá ńlá, torí ibà tó ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Lójoojúmọ́, ẹ wo inú etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ apá àti abẹ́ ìrù. Oògùn ajẹ tàbí èyí tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, ìwọ̀n ara ajá yín gan-an ni kí ẹ fi rà á. Ẹ má fi Sniper, òtapìápìá tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á lára. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà fi ojú wọn ivermectin, oògùn aràn àti kòkòrò ara, fún un lábẹ́rẹ́. Ara tí kò ju kílò mẹ́ta lọ kò ní àyè fún àṣìṣe.

## Abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn

- Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: abẹ́rẹ́ àpapọ̀ àkọ́kọ́, tó ń dènà parvo àti distemper (àrùn ajá tó ń ba èémí àti ọpọlọ jẹ́).
- Lẹ́yìn náà: ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16.
- Oṣù mẹ́ta: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún.
- Aràn: ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lóṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ẹ béèrè ní iléèwòsàn ẹranko ti ìjọba ní àsìkò náà, wọ́n sábà máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Bí ajá kankan bá bu ọmọ yín jẹ, ìbáà jẹ́ ti ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ìwòsàn mọ́.

## Ìgbà tí kò yẹ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà

- Ó ń bì, ó sì ń ṣu ẹ̀jẹ̀, pàápàá ọmọ ajá. Ẹ kó gbogbo ohun tó lò, ẹ fi bílíìṣì ìwọ̀n 1 sínú omi ìwọ̀n 30 fọ ibẹ̀.
- Èrìgì rẹ̀ funfun, tàbí àwọ̀ rẹ̀ ti di búlúù bí àyìnrín.
- Ojú kan pupa tàbí ó ṣókùnkùn lójijì, tí kò sì lè là á.
- Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí gìrì mú un.
- Ọmọ ajá kò jẹun láti àárọ̀ dé alẹ́.
- Ejò bù ú ṣán. Ẹ má fi abẹ gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn.

Ẹ fi nọ́ńbà dókítà ẹranko méjì sínú fóònù, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń gbé ìpè lálẹ́. Ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, torí ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ọmọ yín tí kò ní fóònù tirẹ̀.